Ohun èlò orin wo ló yẹ ọmọ lébìrà oko ní abúlé Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria?

Ìyá Akọrin, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a sì ń múra eré orí ìtàgé kan sílẹ̀ fún àjọ̀dún ẹgbẹ́ akọrin. Ìtàn tí mo fẹ́ kọ dá lórí ọmọkùnrin kan, ọmọ lébìrà oko, ní abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria, láàárín ọdún 1837 sí 1901. Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ ni pé ọ̀hún ni tonic sol-fa (dò, re, mí) tí àwọn ọmọ wa ń kà ti ṣẹ̀ wá, ó sì wù mí kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù náà kọ́ orin nígbà yẹn, kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá nìkan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí nìyí. Ohun èlò wo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní lọ́wọ́? Ta ni yóò kọ́ ọ? Níbo ni yóò ti ṣeré, ṣé wọ́n sì máa ń fún un lówó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin, nítorí àwọn ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wa, n kò sì fẹ́ kí wọ́n kàn dúró sẹ́yìn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Mo ti wo àwòrán títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọlọ́rọ̀ tó jókòó sídìí dùùrù pẹ̀lú aṣọ sílíkì ni mo ń rí ṣáá.

Olùkọ́ Ìtàn, Ìbàdàn

Ẹ kú akitiyan, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má kọ eré nípa ayé Victoria lápapọ̀. Ọbabìnrin yìí pẹ́ lórí oyè ju ọdún 63 lọ, ìgbésí ayé akọrin abúlé sì yí padà láàárín rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá àti ọmọ kò fi ní lo ohun èlò kan náà mọ́. Ẹ mú abúlé kan, ẹ mú ọdún kan, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó fún ọmọ yìí ní ohunkóhun lọ́wọ́, ẹ bi ara yín pé ta ló rà á. Gbogbo ìtàn náà wà nínú ìbéèrè yìí. Ní abúlé Tolpuddle, ní agbègbè Dorset, wọ́n ran lébìrà mẹ́fà lọ sí ìgbèkùn ní Australia ní 1834 nítorí pé wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn tí owó iṣẹ́ wọn ti já sí ṣílè 7 lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ pé yóò tún wálẹ̀ sí 6. Báwo ni ẹni tó ń fi ṣílè 7 bọ́ ìyàwó àti ọmọ márùn-ún ṣe fẹ́ ra fáyòlìn? Kò lè rà á. Ó lè jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, káfíńtà abúlé lè gbẹ́ ẹ fún un, tàbí kó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó máa lò ó nítorí pé ó ń ṣeré níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi.

Bí eré yín bá wáyé ní nǹkan bí 1838, orí gálárì ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ gbé ọmọ náà sí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kò ní dùùrù nígbà yẹn. Àwọn ará abúlé fúnra wọn, bírìkìlà, aránbàtà, alágbẹ̀dẹ, lébìrà, ló ń gòkè lọ sórí gálárì onípákó tó wà ní òpin ilé ìsìn lápá ìwọ̀ oòrùn, tàwọn ti fáyòlìn, fèrè, clarinet, bassoon, àti fáyòlìn ńlá tí wọ́n ń há sáàárín orúnkún. Ọmọdékùnrin máa ń bá wọn gbé ohùn òkè. Bí ohùn rẹ̀ bá ti fẹ́ máa nípọn, wọn a ti fa ohun èlò kan lé e lọ́wọ́.

Ẹ wo ilé àwọn Hardy ní Stinsford, ní Dorset yẹn kan náà. Bàbá àgbà ń ta fáyòlìn ńlá, bàbá àti arákùnrin bàbá ń ta fáyòlìn. A bí Thomas Hardy tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òǹkọ̀wé ní 1840, ẹgbẹ́ orí gálárì náà sì tú ká nígbà tó ṣì wà ní jòjòló, ṣùgbọ́n orin kò kúrò nínú ilé. Bàbá rẹ̀ fún un ní àkọ́díọ̀nù kékeré kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì pẹ́ tó fi ń bá bàbá rẹ̀ lọ ta fáyòlìn níbi ijó àti ìgbéyàwó ní àwọn abúlé àyíká. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbowó níbẹ̀. Ìdáhùn díẹ̀ wà nínú ìyẹn fún ìbéèrè yín nípa owó: wọ́n máa ń gbé fìlà káàkiri láàárín èrò, àwọn òbí kan sì wà tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn di ẹni tí ń na ọwọ́.

Ohun kan tí mo rò pé àwọn ọmọ yín yóò fẹ́ràn lórí ìtàgé ni ìwé orin wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dà á kọ, ìwé kan a sì máa ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Bí ẹ bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti iwájú, Sáàmù àti orin Kérésìmesì lẹ ó bá níbẹ̀. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, tí ẹ wá ṣí i láti ẹ̀yìn, orin ijó ló kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń ta níbi ìyàwó àti lẹ́yìn ìkórè. Ìwé kan, fáyòlìn kan, fún ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi.

Ó dùn mí gan-an pé wọ́n lé àwọn èèyàn yìí kúrò. Àwọn àlùfáà tí wọ́n ń fẹ́ àtúnṣe ìsìn láti 1833 síwájú fẹ́ akọrin aláṣọ funfun nítòsí pẹpẹ, wọ́n sì fi dùùrù rọ́pò ẹgbẹ́ orí gálárì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn òmíràn. Ìmọ̀ ìran mẹ́ta lè wábi gbà láàárín ọjọ́ kan.

Atẹdùùrù, Èkó

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà dùùrù díẹ̀. Àmóníọ̀mù, èyí tí ará Faransé kan, Alexandre Debain, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Paris ní 1842, kéré ju dùùrù onípáìpù lọ, ó sì dínwó gan-an. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Nígbà tó wọ abúlé, ta ló jókòó sídìí rẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin àlùfáà ni, tàbí ìyàwó olùkọ́, tàbí olùkọ́bìnrin ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Orí gálárì tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, àwọn ọkùnrin ló ni ohun èlò níbẹ̀. Obìnrin a máa kọrin, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kó ta fáyòlìn. Nítorí náà, bí Ìyá Akọrin bá fẹ́ ọmọbìnrin tó ní ohun èlò níwájú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń kọ́ àmóníọ̀mù lábẹ́ olùkọ́bìnrin rẹ̀ bá ìgbà mu láti nǹkan bí 1860 lọ sókè.

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀kan: àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ra dùùrù tí wọ́n ń yí lápá, tí orin mélòó kan ti wà lára àgbá rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá. Ẹni tó ń yí i kò ní láti mọ ohunkóhun nípa orin. Ìyẹn kò kọ́ ọmọ kankan ní nǹkan kan.

Ará Leeds

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọmọ mi ń fọn cornet nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ níhìn-ín ní Yorkshire, nítorí náà apá fèrè idẹ ni mo lè sọ.

Bí ẹ bá gbé eré náà wá sí àríwá, ní ọdún 1850 sí 1870, ìdáhùn sí ìbéèrè Olùkọ́ Ìtàn yí padà: ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló ra ohun èlò, tàbí kí àwọn ará abúlé dá owó jọ ní díẹ̀díẹ̀. Queensbury jẹ́ abúlé lórí òkè láàárín Bradford àti Halifax. John Foster tó ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Black Dyke Mills níbẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ti fọn fèrè nígbà èwe rẹ̀, gba ẹgbẹ́ onífèrè abúlé náà mọ́ra ní 1855, ó pèsè ohun èlò àti aṣọ fún wọn, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà títí di òní. Ní Wales, Robert Thompson Crawshay, ọmọ ìdílé tó ni ilé iṣẹ́ irin Cyfarthfa, ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1838.

Kí ló dé tó fi jẹ́ fèrè idẹ? Àkọ́kọ́, bọ́tìnì mẹ́ta tí ìka ń tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ní, ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mú le sì lè tẹ̀ ẹ́ láìsí wàhálà. Adolphe Sax ṣe ìdílé fèrè kan ní Paris tí gbogbo wọn jọra, láti kékeré dé ńlá. Ìdílé Distin, bàbá àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ tí wọ́n ń rìn kiri ṣeré, rí i níbẹ̀ ní 1844, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Britain. Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń kọ orin wọn sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnì lórí èyí kékeré náà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lórí èyí ńlá, ojú ìwé sì rí bákan náà. Bí ọmọ kan bá kọ́ ọ̀kan, tí àgbàlagbà kan ṣàìsàn tàbí tó kú, wọ́n lè gbé fèrè òkú náà fún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kó sì máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe fún àwọn ọmọ wa níhìn-ín.

Ẹ má gbàgbé àkókò. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1844 gbà kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lóòjọ́, kí ó sì fi ìyókù ọjọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Òfin 1850 wá sọ pé kí iṣẹ́ obìnrin àti ọ̀dọ́ parí ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ọ̀sán Sátidé yẹn ni ẹgbẹ́ onífèrè àti bọ́ọ̀lù pín láàárín ara wọn. Ní 1853, wọ́n ṣe ìdíje ńlá àkọ́kọ́ ní ọgbà Belle Vue ní Manchester, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló kópa, ẹgbẹ́ Mossley tó wá láti apá àwọn òkè ló sì gbégbá orókè.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí ẹni tó ra fèrè ló ni ín. Bí ọmọ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, fèrè dúró. Bí bàbá rẹ̀ bá dá sí ìyanṣẹ́lódì, ẹ lè ṣẹ̀dá ìran tó lágbára láti inú ìyẹn, ọmọ tó ní láti da cornet padà sínú àpótí rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ìyá Akọrin, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò máa fi kún ìmọ̀ yín. A kò ní cornet, a kò sì ní àmóníọ̀mù tó ṣeé gbé kúrò níbi tó wà. Ṣé ohun èlò olówó pọ́ọ́kú kankan wà tí ọmọ lè fi owó ara rẹ̀ rà? Àti àwọn ọmọbìnrin, yàtọ̀ sí ti ilé àlùfáà àti ti olùkọ́, kí ni ọmọ tálákà lóbìnrin ń kọ, níbo ló sì ti ń kọ ọ́?

Olùkọ́ Ìtàn, Ìbàdàn

Ó wà. Robert Clarke, òṣìṣẹ́ oko kan ní Coney Weston ní Suffolk, bẹ̀rẹ̀ sí í fi páànù ṣe fèrè oníhò mẹ́fà ní 1843, ó sì kó lọ sí Manchester láti sọ ọ́ di òwò. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fi rìn débẹ̀, tó ń ti ẹrù rẹ̀ lórí ọmọlanke. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi fèrè páànù bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ abúlé ní 1838, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1850 ó tọ́ pátápátá. Fèrè oníke táwọn ọmọ yín ń fọn nílé ẹ̀kọ́ lè dúró fún un bí ẹ bá fi bébà onífàdákà wé e.

Ìran kan tún wà tí kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Ní Oxfordshire àti àyíká rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo máa ń fi ọwọ́ òsì fọn fèrè oníhò mẹ́ta, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún lu ìlù kékeré tó so kọ́ apá, fún àwọn oníjó Morris, ijó ìbílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀. Ó ti ń kú lọ nígbà ayé Victoria. Kọnsẹtínà, ohun èlò kékeré bí àkọ́díọ̀nù tí wọ́n ń fà láàárín ọwọ́ méjèèjì, tí àwọn ará Jámánì ń ṣe ní olówó pọ́ọ́kú, tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí 1840 lọ, gba ipò rẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Abúlé àwọn tí ń ṣe bíríkì ni Headington Quarry lẹ́bàá Oxford. Ibẹ̀ ni wọ́n bí William Kimber ní 1872, bírìkìlà tó ń fa kọnsẹtínà fún àwọn oníjó. Kérésìmesì 1899, òjò dídì kò jẹ́ kí iṣẹ́ ilé kíkọ́ wà, ebi sì ń bọ̀. Ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà bá jáde lọ jó fún owó ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà Pẹ́ńtíkọ́sì ni ijó náà máa ń wáyé. Cecil Sharp, olórin tó wá di akójọ orin àti ijó ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wà nílé kan níbẹ̀ rí wọn, ó ní kí Kimber padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì kọ àwọn orin náà sílẹ̀ láti ẹnu kọnsẹtínà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ nípa ijó yẹn lónìí kò ṣẹ̀yìn ọ̀dọ́kùnrin tí kò ríṣẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ kan.

Ọmọ Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àwọn ọmọbìnrin. Ẹ kò ní láti wá ohun èlò fún wọn rárá, léèsì ni kí ẹ wá.

Ní àwọn abúlé Buckinghamshire, Bedfordshire àti Northamptonshire, wọ́n máa ń fi àwọn ọmọ, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, sí ilé obìnrin kan láti kọ́ léèsì híhun láti ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó síwájú ìrọ̀rí líle tí wọ́n ki koríko gbígbẹ sí, àwòrán iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, pínnì wà lára àwòrán, òwú sì so mọ́ igi tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń kán kọ̀n-ọ̀n kọ̀n-ọ̀n lu ara wọn bí ọwọ́ ṣe ń yí wọn padà. Lálẹ́, àbẹ́là kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò: wọn a gbé ìgò tó kún fún omi síwájú rẹ̀ kí omi náà lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí orin ti wọ̀ ọ́ nìyí. Kí ọwọ́ má baà lọ́ra, wọ́n ń kọ orin tí wọ́n fi ń ka pínnì. Wọn a bẹ̀rẹ̀ láti 19, wọn a máa ka iye rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kọ̀ọ̀kan a sì máa sá eré kí pínnì rẹ̀ tó pé kí ẹsẹ̀ orin tó tán. Àwọn ọ̀rọ̀ inú orin náà a máa dẹ́rù bani nígbà mìíràn, ìtàn olè àti ìtàn ikú. Lẹ́yìn tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1870 mú kí ilé ẹ̀kọ́ tòótọ́ pọ̀, irú ilé ìhunléèsì bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ.

Ìyá wa, bí àwọn ọmọbìnrin yín bá jókòó ní ìlà kan, tí àwọn igi náà ń dún, tí wọ́n ń ka nọ́ńbà lórin láti 19 wálẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wojú ọmọkùnrin onífáyòlìn mọ́. Ó tún yẹ kí ẹ rántí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún: àwọn ọmọ abúlé, lọ́kùnrin lóbìnrin, a máa gbé òdòdó tí wọ́n hun láti ilé dé ilé, wọn a kọrin, wọn a sì gba kọ́bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni owó tí ọmọ ń fi ẹnu ara rẹ̀ pa.

Akẹ́kọ̀ọ́, Cardiff

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àtàtà. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má yọ Wales sílẹ̀. Wọ́n bí Joseph Parry ní Merthyr Tydfil ní 1841. Ìlú ńlá ni, kì í ṣe abúlé, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ yẹ fún eré. Ó ti ń ṣiṣẹ́ kùsà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní méjìlá ó wà nílé iṣẹ́ irin Cyfarthfa, ní 1854 ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Danville ní Pennsylvania, níbi tí àwọn ará Wales ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ irin ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀. Ó ń fi orin ránṣẹ́ sí ìdíje Eisteddfod, àjọ̀dún orin àti ewì àwọn ará Wales, ó ń gbẹ̀bùn, títí àwọn ará Wales ní ilé àti lókè òkun fi dá owó jọ fún un láti lọ sí Royal Academy of Music ní London ní 1868. Ní 1874 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n orin àkọ́kọ́ ní Aberystwyth. Nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, gbogbo ìlú ló ra ohun èlò.

Ní ti ibi tí ẹ ti lè ka ìròyìn ìgbà náà láìsanwó: ìkàwé orílẹ̀-èdè Wales ti gbé àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dé 1919, ọ̀fẹ́ ni. Ìkàwé Vaughan Williams Memorial Library ní London náà ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé orin tí wọ́n fọwọ́ kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá wo ìkànìyàn 1881 lórí FamilySearch, ojúlé ìtàn ìdílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má wá «olórin» nínú abúlé, ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i. Lébìrà ni wọn a kọ fún bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọn a kọ fún ọmọ. Ẹ wá wọn nínú ìwé owó ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye tí wọ́n ná lórí okùn fáyòlìn àti àtúnṣe ohun èlò.

Atẹdùùrù, Èkó

Ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ tó báyìí láìkan tonic sol-fa tí Ìyá Akọrin tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Sarah Glover, olùkọ́bìnrin kan ní Norwich, ló ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1835. Ní 1841, níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Hull, wọ́n ní kí àlùfáà John Curwen wá ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi kọ́ ọmọdé lórin. Ó mú ti Glover, ó tún un ṣe, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ tàn án ká. Ẹ wò ó dáadáa: d, r, m, f, s, l, t, lẹ́tà lásán ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré ní abúlé lè tẹ̀ ẹ́ láìní àmì orin kankan, olùkọ́ sì lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́. Ohùn nìkan ni ọmọ nílò. Nítorí náà, ìbéèrè Olùkọ́ Ìtàn rí ìdáhùn tí kò tíì rí tẹ́lẹ̀: kò sẹ́ni tó ní láti ra ohunkóhun.

Ìjọba pàápàá wá fowó sí i. Láti 1862 ni ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ ti so owó ìrànwọ́ mọ́ ohun tí àwọn ọmọ bá lè ṣe níwájú alábẹ̀wò, tí ó sì pàṣẹ kí olùkọ́ àgbà máa kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ní 1882, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá kọrin láti inú àgbọ́sórí ń gba sísì kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá lè ka orin lójú ìwé, ṣílè kan ni. Ẹ ronú nípa olùkọ́ abúlé tó ní ọgọ́ta ọmọ, tí ìyàtọ̀ láàárín sísì àti ṣílè fi jẹ́ pọ́n-ùn kan ààbọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣókùnkùn: àwọn ìjọ tó rán míṣọ́nnárì jáde gbé e lọ káàkiri Áfíríkà. A bí Canon J. J. Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta yín níbẹ̀ ní 1855, èwe rẹ̀ sì bọ́ sáàárín ìgbà tí à ń sọ yìí. Ó sọ orin Ẹ̀gbá di orin ìsìn, ó sì gbé e sórí àwo ní London ní 1922. Títí di òní, dò, re, mí la fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn Yorùbá, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì mọ̀ pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Norwich ni ọ̀nà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Akọrin, Abẹ́òkúta

Mo ti pinnu. Abúlé kan ní Buckinghamshire, ọdún 1883, ìgbà tí alábẹ̀wò ń bọ̀. Bàbá àgbà ọmọ náà wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí gálárì, fáyòlìn rẹ̀ sì wà lórí ògiri. Ìyá àgbà hun léèsì nígbà èwe rẹ̀, òun ni yóò kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin pínnì. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: kí ni kí n gbé sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà, kí sì ni kí àwọn ọmọ ṣe níwájú alábẹ̀wò kí ó lè rí bíi ti 1883 ní tòótọ́?

Atẹdùùrù, Èkó

Ẹ mú aṣọ funfun gígùn kan, ẹ kọ lẹ́tà méjèèje sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí àkàsọ̀, d nísàlẹ̀, t lókè, kí ẹ tún fi d mìíràn lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí àyè tó wà láàárín m àti f, àti láàárín t àti d òkè, kéré sí ti ìyókù, nítorí ohùn ibẹ̀ súnmọ́ ara wọn. Àtẹ ọ̀hún ni Curwen ní kí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Olùkọ́ á fi ọ̀pá tọ́ka sí lẹ́tà kan, àwọn ọmọ á gbé ohùn rẹ̀ láìsí dùùrù, ọ̀pá á fò lọ sí òmíràn, wọ́n á tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí olùkọ́ gbé ọ̀pá kalẹ̀, kí ó lo ọwọ́. Curwen ti fi àmì ọwọ́ kún un ní 1870, nítorí náà ó bá ọdún yín mu. Ìkúùkù dídì ni d. Àtẹ́lẹwọ́ tó dojú bolẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ni m. Àtẹ́lẹwọ́ tó kọjú sí àyà ni s. Ọwọ́ tó rọ̀ wálẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ ni l, ìka ìfábẹ̀lá tó ń tọ́ka sókè sì ni t. Ẹ fi d, m, s bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn kéékèèké, kí ẹ tó mú àwọn ìyókù wọlé. Kí ọmọ tó ń ṣe alábẹ̀wò mú ìwé dání, kí ó gbé orin tí wọn kò rí rí síwájú wọn, kí ó má sì bá wọn bẹ̀rẹ̀ ohùn.